HI Tí Ẹ̀rọ Kọ Kì í Ṣe Ìkíni: Bí A Ṣe Ń Dá Àtọ̀gbẹ Ọmọdé Mọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta níbí, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ-ọmọ mi, Táyé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀ obìnrin, wà lọ́dọ̀ ìyá wọn l'Ékòó. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Táyé ti ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Mo bá a wí, mo nà án. Sòkòtò iléèwé rẹ̀ kò dúró ní ìdí rẹ̀ mọ́. Oníkẹ́místì ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, ó gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Èmi fúnra mi ní ìtọ̀ ṣúgà, mo sì ní ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ ara mi wò. Mo gún ọmọ náà níka, ẹ̀rọ kọ HI. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Oníkẹ́místì ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, pé ọmọdé kì í ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n bù fún un nínú oògùn tèmi? Àbí mínírà tí mo ń rà fún un ló fà á?

Ìdáhùn:

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìbéèrè yín wọlé ni mo ti fi gbólóhùn méjì péré ránṣẹ́ padà: ẹ má fún ọmọ náà ní oògùn yín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbọ́, ẹ gbé e lọ, wọ́n dá a dúró, ẹ sì ti sọ fún mi pé ó ti ń béèrè àmàlà láfún báyìí. Inú mi dùn. Ẹ wá ní kí n jókòó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, torí pé lọ́hùn-ún dókítà ń kánjú, nọ́ọ̀sì ń kánjú, ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó. Ẹ tún fi ìbéèrè Kẹ́hìndé kún un, pé ṣé òun náà lè ní in. Ìdáhùn mi gùn o. Bí ojú bá ń dùn yín, ẹ wá ẹni kà á fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. HI tó kọ kì í ṣe "ẹ ǹ lẹ́ o". Wọ́n gé ọ̀rọ̀ òyìnbó kan kúrú ni, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ga. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń wí ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yìí ti kọjá ibi tí òun lè kà dé. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà nígboro, 600 mg/dL, òṣùwọ̀n ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ yín ń lò, ni kíkà wọn ń parí sí. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tó jí láàárọ̀ tí kò tíì fẹnu kan nǹkan, bíi 70 sí 100 ni tirẹ̀ máa ń jẹ́. Ẹ fojú inú wo mọ́tò tí ọwọ́ tó ń tọ́ka eré nínú rẹ̀ ti lọ títí, tó ti kọlu òpin: ẹ kò mọ iye eré tó ń sá mọ́, ẹ kàn mọ̀ pé kì í ṣe ibi ire ló ń sáré lọ.

Ọ̀rọ̀ oníkẹ́místì pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ kò jìnnà sí òótọ́ pátápátá, torí pé ẹ̀rọ máa ń ṣìnà. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ máńgòrò tán, tí omi rẹ̀ ṣì wà lára ìka, ṣúgà máńgòrò ni ẹ̀rọ yóò kà mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Sítírípù, pélébé tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, tàbí èyí tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ooru, òun náà ń purọ́. Àmọ́ kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti mọ òótọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ, ẹ nù ún gbẹ, ẹ mú sítírípù mìíràn, ẹ tún un gún. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ gún ìka tiyín. Tó bá kọ iye tó máa ń kọ fún yín, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ bàjẹ́ láì ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́.

Pé ọmọdé kì í ní in ńkọ́? Ó ń ní in. Ọmọ ọwọ́ lè ní in, ọmọ iléèwé lè ní in, ọ̀dọ́langba lè ní in. Àgbàlagbà pàápàá lè ní irú ti Táyé yìí, tí wọn yóò sì máa fi oògùn oníhóró tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹ̀yin àgbà lẹ sọ àìsàn yìí lórúkọ, ẹ kò sì ṣì í sọ. Àtọ̀gbẹ: ẹni tó ń tọ̀ títí ó fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ àìsàn yìí ní yunifásítì, mo kọ ìwé títí ọwọ́ fi ń ro mí, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti sọ ìdajì rẹ̀. "Ìtọ̀ ṣúgà" tí a ń pè é lóde òní ló ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà: a gbọ́ "ṣúgà", a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jẹ ṣúgà. Àwọn tó pè é ní àtọ̀gbẹ, ìtọ̀ ni wọ́n rí, gbígbẹ ni wọ́n rí. Tiyín, Màmá, tí à ń pè ní oríṣi kejì, kì í sáré. Ó lè wà lára fún ọdún mélòó kan, kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ni wọ́n ti bá a pàdé. Ti Táyé, oríṣi kìíní, ló bá orúkọ àtọ̀gbẹ yẹn mu jù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń hàn. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ ni wọn yóò máa kà lẹ́yìn náà.

Ẹ mọ ọjà Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjà. Iṣu dé, ẹ̀gẹ́ dé, ata dé, mọ́tò ń já ẹrù sílẹ̀. Ta ló ń gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù? Alábàárù. Ká ní lọ́jọ́ kan kò sí alábàárù kankan, ẹrù yóò kún ojú ọ̀nà, kò ní sí ibi téèyàn máa gbẹ́sẹ̀ sí, síbẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù yóò ṣófo. Bí ara Táyé ṣe wà nìyẹn. Lẹ́yìn àpòlúkù ni ẹ̀yà ara gbọọrọ kan wà tí à ń pè ní pancreas, inú rẹ̀ sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin wà. Insulin ni alábàárù. Ṣúgà tí láfún, ìrẹsì, ẹ̀kọ àti búrẹ́dì ń já sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó wọ inú ẹran ara lọ ṣe iṣẹ́. Nígbà tí kò bá sí i, ẹ̀jẹ̀ kún fún ṣúgà, ẹran ara ń kú fún ebi. Ìdí nìyí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi lè jẹ abọ́ méjì kó tún béèrè ẹ̀kẹta, tí egungun ọrùn rẹ̀ sì ń yọ síta.

Bí ṣúgà bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL, kíndìnrín kò ní lè dá gbogbo rẹ̀ padà mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á nù pẹ̀lú ìtọ̀. Ṣúgà kì í dá lọ. Ó máa ń wọ́ omi tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìtọ̀ wá ń pọ̀, ara ń gbẹ, òùngbẹ ń pa ọmọ. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tò o, Màmá: kì í ṣe pé ó ń tọ̀ torí pé ó ń mu omi, ó ń mu omi torí pé ó ń tọ̀ ni. Mo sọ èyí torí àwọn òbí tó máa ń gbé omi pa mọ́ fún ọmọ láti ìrọ̀lẹ́, kó má bàa tọ̀ sílé. Ẹni tó bá fi omi du ọmọ tó ń ṣàtọ̀gbẹ, ọrùn rẹ̀ ló ń fún.

Ara tí kò rí ṣúgà lò yóò wá nǹkan mìíràn sun. Ọ̀rá ara ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ, bí ìdílé tí igi ìdáná tán fún tí wọ́n wá ń yọ òpó ilé dáná. Ilé náà ń gbóná, àmọ́ ó ń wó lọ. Èéfín iná yẹn là ń pè ní ketone. Kíkan ni. Tó bá pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á di kíkan, ibẹ̀ sì ni ikú ti ń wọlé.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ ẹní yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọmọ tó ti ń sùn gbẹ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó wá ń tọ̀ sílé padà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àlá odò. Yíyẹ ṣúgà wò ló kàn, kì í ṣe pàṣán. Ẹ ti sọ pé ẹ nà án. Ẹ má fi ìyẹn jẹ ara yín níyà mọ́. Mo mọ ilé tí wọ́n ti so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọmọ nídìí nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ kò mọ̀ pé àìsàn ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á gbọ́.

Àwọn àmì yòókù kò le láti dá mọ̀. Ọmọ máa ń jí lóru wá omi. Ó máa ń béèrè láti jáde ní kíláàsì léraléra, tíṣà á sì rò pé eré ló fẹ́ lọ ṣe. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́, á sùn lórí tábìlì, ojú rẹ̀ lè máa ṣe bàìbàì sí ohun tó wà lára pátákó. Ọmọbìnrin lè máa yún lójú ara. Àwọn àgbà a tún máa wo eèrà lára ìtọ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ̀ sí ṣáláńgá, níbo ni eèrà yóò ti rí i? Pé ẹ kò rí eèrà kò sọ pé kò sí.

Èmi náà ti ṣì í rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́fà dé lórí ọ̀kadà ní nǹkan bí aago méjì òru. Ó ń mí jìn, ó ń mí kíákíá, ihò imú rẹ̀ ń là. Mo gbé ẹ̀rọ sí i láyà, n kò gbọ́ nǹkan kan, mo ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òtútù àyà ni. Ìyá rẹ̀ gbé àpò omi inú ọ̀rá lọ́wọ́, ọ̀rá òfìfo mẹ́fà tàbí méje sì wà ní itan ọmọ náà. Gbogbo wọn ló fi eyín já létí. Mo rí i. N kò ro ó. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ọmọ náà, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Dókítà, ẹ wá gbóòórùn ẹnu ọmọ yìí." Mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n kọjá, tí wọ́n da omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ lé lórí. Nọ́ọ̀sì ti gún un níka kí n tó nàró tán.

Kò sí ohun tó ṣe àyà ọmọ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti kan, tí ara ń fi mímí jíjìn lé kíkan náà jáde. Ó yè, ìdí rẹ̀ sì ni imú nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ìwé tí mo kà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tó bá ń mí hẹlẹ láì wúkọ́, kí n tó gbé ẹ̀rọ sétí ni mo ti ń béèrè fún ẹ̀rọ ṣúgà.

Nítorí náà, n kò ní bú oníkẹ́místì yín kọjá bó ṣe yẹ. Ìlú tí ibà wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé nìyí, ibà sì lè mú kí ó rẹ ọmọ, kó bì, kó rù. Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal, tí wọ́n ń ṣe káàkiri láàbù, máa ń sọ pé "ó wà" lára ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní in. Ìwé àyẹ̀wò méjèèjì lè wà lọ́wọ́ yín kí àtọ̀gbẹ sì wà níbẹ̀. Ibà gidi pàápàá lè wà pẹ̀lú rẹ̀, òun ló sì lè ti ọmọ náà ṣubú. Pé wọ́n rí ibà kò pa ìbéèrè ìtọ̀ rẹ́.

Ohun kan ló ya wọ́n sọ́tọ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọmọ tí ibà, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ omi ara rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń dín, ó sì máa ń pọ́n. Bí ẹ bá wá rí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí ojú rẹ̀ jì sínú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń dà yàà bí omi lásán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ kankan kí wọ́n tó yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fa omi dírípù sí i lára nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ omi dírípù tí wọ́n fi ń "fún ara lókun", ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá, omi oníyọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà sí i, wọ́n á wá máa fi insulin sọ ṣúgà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọn yóò fi omi oníṣúgà kún un kí ó má bàa já wálẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí i lọ́hùn-ún, ẹ má pariwo, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìgbà wo ló di pàjáwìrì? Nígbà tó bá ti ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí jìn, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso kíkẹ̀, tàbí tó ń tòògbé tí kò dáhùn dáadáa. Inú rírun yẹn ti jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọgbẹ́ inú ló ń ṣe àwọn kan, tí wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la ikùn àwọn mìíràn torí wọ́n rò pé apẹ́ńdísáítìsì ni. Ní Abẹ́òkúta, Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Abà, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, Sacred Heart wà ní Lántòrò. Èyí tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbé ọmọ lọ, lóru tàbí lọ́sàn-án. Kò ṣeé fi dúró de Mọ́ńdè.

Ní ti àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un: ẹ ní wọ́n kọ 34.2 sínú ìwé, ẹ sì ń wò ó pé ó kéré sí tiyín tó jẹ́ 140. Òṣùwọ̀n méjì ló wà, bíi kóńgò àti kílò. 34.2 yẹn, mmol/L ni. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bíi 616 ní òṣùwọ̀n tiyín. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ yín tó kọ HI kò purọ́ rárá.

Ọmọ tó bá ní àwọn àmì tí mo sọ, tí ṣúgà rẹ̀ tó 200 mg/dL, ìyẹn 11.1 mmol/L, nígbàkúùgbà lójúmọ́, yálà ó jẹun ni o tàbí kò jẹun, àtọ̀gbẹ ni. Ó ti parí. Ẹni tí kò ní àmì kankan ni wọ́n máa ń ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn fún àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àyẹ̀wò òwúrọ̀ láìjẹun wà, 126 mg/dL ni ààlà rẹ̀. Ó wúlò fún irú yín, Màmá. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ọmọ tó ń tọ̀ tó sì ń gbẹ lọ sílé, kó padà wá láàárọ̀ láìjẹun, kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Láàárín alẹ́ kan sí àárọ̀ ni mo ti rí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ tó di ẹni tí kò lajú.

Wọ́n tún yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Pépà kékeré tó ń yí àwọ̀ yẹn ń wá nǹkan méjì: ṣúgà àti ketone. Kò wọ́n, kò le. Bí láàbù kékeré àdúgbò yín kò bá tilẹ̀ ní nǹkan mìíràn, ó yẹ kí ó ní ìyẹn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HbA1c tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, 6.5% sì ni ààlà. Ó dára láti ní i nínú ìwé, ṣùgbọ́n láàárín àwa tí jẹ́nótáìpù jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé, ẹ má gbàgbé èyí: bí ọmọ bá jẹ́ SS tàbí SC, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, àyẹ̀wò yẹn lè tan dókítà jẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n gbára lé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé oríṣi kìíní ni? Ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe yá kánkán, bó ṣe rù, àti ketone inú ìtọ̀ rẹ̀. Mẹ́rin yìí tó láti bẹ̀rẹ̀ insulin lọ́jọ́ náà. Ọmọdé lè ní oríṣi kejì náà, pàápàá ọ̀dọ́langba tó sanra, tí awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú tó sì nípọn bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Táyé kò jọ ìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń wá àmì pé ara ń bá ara rẹ̀ jà, wọ́n ń pè é ní GAD, àti òmíràn, C-peptide, tó ń wo bóyá pancreas ṣì ń ṣe insulin díẹ̀. Wọ́n wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló ní wọn. Bí wọ́n bá ṣe GAD tí kò sì fi nǹkan kan hàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Cameroon, Uganda àti South Africa, tó jáde ní 2025, rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n ń tọ́jú fún oríṣi kìíní níbẹ̀ ni kò ní àmì yẹn lára. Insulin ni wọ́n nílò síbẹ̀.

Mínírà kọ́ ló fà á. Ara ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní irú ti Táyé, àwọn ọmọ ogun yìí ló dojú ìjà kọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, bí ọdẹ àdúgbò tó yìnbọn lu onílé lóru torí pé kò dá a mọ̀. Ó ń gba oṣù, ó lè gba ọdún. Ọjọ́ tí èyí tó ṣẹ́ kù kò bá lè gbé ẹrù náà mọ́ ni àmì ń yọ lójijì. Mínírà tí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ń mu lè bu epo síná tó ti ń jó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá iná náà. Tiyín kò ràn án. Ayé kọ́. Ìyá rẹ̀ kò jẹ èèwọ̀ kankan nígbà oyún. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó ní irú rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó ní in nínú ẹbí wọn.

Oògùn yín tí ẹ fẹ́ bù fún un ló já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín. Àwọn oògùn oníhóró yẹn, pancreas tó ṣì ń ṣe insulin ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ti Táyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti fún un loògùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa kan lọ. Abẹ́rẹ́ insulin kì í ṣe "ìpele ìkẹyìn" bí wọ́n ṣe ń sọ lọ́jà. Fún un, oúnjẹ ni. Kó tó di oṣù kìíní ọdún 1922, tí wọ́n fún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní insulin ní Toronto ní Kánádà, irú ọmọ báyìí kì í pẹ́ láyé, ebi ni wọ́n fi ń pa wọ́n mọ́ láàyè fún ìgbà díẹ̀. Leonard lo ọdún 13 sí i.

Ẹ tún gbọ́ èyí, kó má bàa tàn yín jẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń gba insulin, ó lè ṣẹlẹ̀ kí ṣúgà rẹ̀ dára gan-an, kí wọ́n dín abẹ́rẹ́ kù sí díẹ̀. Ẹnì kan yóò wá sọ pé ó ti rí ìwòsàn, tàbí pé àgbo òun ló ṣe é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó kù ló sinmi tí wọ́n jí padà ní ráńpẹ́, wọn kì í pẹ́. Ẹ gba àdúrà, ẹ má jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́. Bí iná kò bá sí fún fìríìjì, ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn, níbi tí oòrùn kò dé, máa ń jẹ́ kí insulin tutù ju inú yàrá lọ. Ẹ fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa kàn án.

Kẹ́hìndé wá kù. Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, nítorí náà wọn kì í ṣe ìbejì tó pín ara kan náà. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni ọ̀rọ̀ wọn rí. Ewu tirẹ̀ ju ti ọmọ àdúgbò lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe gan-an kó má ní in láéláé. Kò pọn dandan kí wọ́n máa gún un níka lójoojúmọ́, wọ́n á kàn dá ẹ̀rù sí i lára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ pe ìyá rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ bi í bóyá Kẹ́hìndé ń jí lóru wá omi, bóyá ó ń tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, bóyá aṣọ iléèwé rẹ̀ ti fẹ̀ sí i lára. Bó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, kó fọ ọwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú ọṣẹ, kó mú un lọ síbi tí ẹ̀rọ wà lọ́la. Tó bá sì jẹ́ pé ó ti ń bì, kó má dúró de ọ̀la.